Orímisan De Ọkọ̀ Nítorí Nẹ́tíwọ́ọ̀kì

Ǹjẹ́ ẹ mọ ohun tó mú kí àwọn àgbà etí omi máa pa á lówe pé ẹni tó so ọkọ̀, kò so omi? Àwọn àgbà tí mo ń wí yìí kò dàgbà tó bí ẹ ti rò. Fóònù wà lọ́wọ́ wọn.

Ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Orímisan. Láti ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú ló ti ń dá gbé inú ọkọ̀ ojú omi tí àwọn méjèèjì fi ń kérò tẹ́lẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ náà ti dákẹ́. Orímisan náà fẹ́rẹ̀ẹ́ dákẹ́. Lékeléke ló máa ń kí láàárọ̀, lékeléke kì í sì í dáhùn.

Ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, Olúwaḿbẹ, wá bímọ obìnrin sí òkè òkun. Ó ní, "Bàbá mi, ẹ̀yin lẹ ó sọ ọmọ yìí lórúkọ, lórí fóònù, lọ́sàn-án ọjọ́ ìkómọ. Tí a kò bá gbọ́ yín, àwọn àna yín ló máa sọ ọ́ o."

Orímisan ti ní orúkọ nílẹ̀: Morẹ́nikẹ́, orúkọ ìyàwó rẹ̀.

Ṣùgbọ́n nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í dé inú ọkọ̀. Ó gbé ẹ̀rọ íńtánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sórí òrùlé: kò gbà. Ó so ó mọ́ orí ọ̀pá gígùn: ó gbà díẹ̀. Ó wá gbé e sínú ìkòkò ìrẹsì ńlá, ó so ìkòkò mọ́ orí ọ̀pá náà, ó kọjú ẹnu rẹ̀ sí òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó wà ní òdìkejì odò. Háà, ó gbà! Àmọ́ bí omi bá ti yí, ọkọ̀ á yí, ìkòkò á kẹ̀yìn sí òpó, gbogbo rẹ̀ á sì parẹ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìkómọ, nígbà tí omi kún dẹ́nu, Orímisan ri igi mẹ́rin mọ́lẹ̀ odò, ó fi okùn mẹ́rin de ọkọ̀ mọ́ wọn típẹ́típẹ́.

"Yí báyìí, kí n wò ó," ló wí fún ọkọ̀.

Lọ́sàn-án, ojú Olúwaḿbẹ yọ kedere. "Bàbá mi, ẹ wo ọmọ yín!"

Orímisan wò ó, ó sì bú sẹ́kún. Ibi tó ti ń nu ojú ni omi odò ti ń fà lọ sílẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀. Okùn ọ̀tún tú, tòsì kò tú. Ọkọ̀ wá fi ẹ̀gbẹ́ kan rọ̀ sókè bí ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́ àjà. Àga yọ̀ lọ, sítóòfù yọ̀ lọ, Orímisan tẹ̀lé wọn.

"Bàbá wa, ṣé ijó lẹ ń jó ni?" ọkọ Olúwaḿbẹ bi í.

"Ijó kọ́ o!"

"Kí lẹ wá dì mú yẹn?"

"Fèrèsé ni!"

Ìkòkò ti ń doríkodò lórí ọ̀pá. Orímisan fi gbogbo ẹ̀mí rẹ̀ ké: "Morẹ́nikẹ́!" Ìkòkò já bọ́ sómi. Fóònù dákẹ́.

Kò mọ̀ bóyá wọ́n gbọ́. Ó rọ̀ síbẹ̀ fún wákàtí méjì, ó ń pe orúkọ náà sójú odò, àfi bí ẹni tó ń pe òkú.

Nígbà tó yá, Ìyá Ayétimíyì, àgbàlagbà apẹja kan, wa ọkọ̀ rẹ̀ débẹ̀. Ó wò ó títí.

"Orímisan, kí lo ń ṣe lára ògiri?"

"Ìyá, mo so ọkọ̀ kó má baà yí ni."

"O kú iṣẹ́. Ta ló wá bá ọ so omi?" Ìyá rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìhà mú. "Ọmọ rẹ pè mí. Wọ́n gbọ́. Morẹ́nikẹ́ ló ń jẹ́. Wọ́n ní kí n wò ó bóyá o ṣì rọ̀."

Inú Orímisan dùn débi pé ó pàtẹ́wọ́.

Ọwọ́ méjèèjì ló fi pa á o. Ìyá ló fi àwọ̀n fà á jáde nínú omi, bó sì ti ń fà á ló ń wí fún un pé: ẹni tó so ọkọ̀, kò so omi.