Àsíá Pupa Alhaji Sàlàhúdíìnì

Bí ẹ bá ń lọ sílé Alhaji Sàlàhúdíìnì ní Òṣíẹ̀lẹ̀, ẹ má wulẹ̀ pè é ní Alhaji lásán. Alhaji lásán kún ilẹ̀ Ẹ̀gbá. Tiẹ̀ ni Kìnnìún Òṣíẹ̀lẹ̀, Àràbà Àwọn Onílé, Ọba Onítáìsì Ṣàpọ́n. Mégáàdì rẹ̀ há gbogbo rẹ̀ sórí, torí pé ọjọ́ tó bá gbàgbé ọ̀kan, kò sí oúnjẹ alẹ́ fún un.

Kìnnìún yìí ní ìbọn ẹlẹ́nu méjì tó níwèé àṣẹ ìjọba. Eṣinṣin kò tíì tipa ìbọn náà kú. Ṣùgbọ́n bí ìpàdé àwọn onílé bá ti dé, yóò gbé e lé itan bí ẹni gbọ́mọ jòjòló, kí gbogbo èèyàn lè rí ẹni tó ń jẹ́ Alága.

Ohun tó ń dà á láàmú ni pé ìbọn mìíràn wà ládùúgbò. Akínrẹ̀mí ọdẹ jogún ṣakabùlà lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Òun ló fi ń lé ọ̀bọ kúrò nínú àgbàdo rẹ̀, òun náà ló fi ń pẹran. Bó bá pa ìgalà, á gé itan kan ránṣẹ́ sí Baálẹ̀, bí bàbá rẹ̀ ti ń ṣe.

"Ẹran ọdẹ?" Alhaji á yínmú. "Háráámù ni! Kò lè wọ ẹnu mùsùlùmí òdodo." Ṣùgbọ́n bí itan náà bá ń kọjá níwájú géètì rẹ̀, ojú fèrèsé ló máa ń dúró sí títí ẹran á fi yà ní kọ́nà.

Lọ́jọ́ kan, Zàíd ọmọ rẹ̀ pè é láti Amẹ́ríkà. Ó ní òfin kan wà lọ́hùn-ún tí wọ́n ń pè ní àsíá pupa: bí ẹ̀rù bá ń ba àwọn èèyàn pé ẹnì kan fẹ́ fìbọn ṣèkà, ilé ẹjọ́ lè gba ìbọn náà ná, wọn a sì pe ẹni náà kó wá sọ tẹnu ẹ̀. Ibi tí wọ́n ti gba ìbọn ni Alhaji ti pa fóònù. Kò dúró gbọ́ ìyókù.

"Òfin àsíá pupa!" ló ké nípàdé. "Ẹnikẹ́ni tí a bá fi sùn pé ó léwu, a ó gba ìbọn rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, a ó so aṣọ pupa mọ́ ẹnu ọ̀nà rẹ̀."

Tawheed, tíṣà tó jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́, nawọ́. "Ìgbà wo lẹni náà máa sọ tẹnu ẹ̀, sà?"

"Bó bá yá."

"Ẹlẹ́rìí mélòó ni ká wá?"

"Ẹnu ẹyọ kan ti tó. A ò sì ní dárúkọ ẹni tó fi sùn. Tawheed, jókòó!"

Ọ̀rọ̀ ajínigbé ti kó jìnnìjìnnì bá gbogbo èèyàn lọ́nà Ìbàdàn nígbà yẹn, nítorí náà wọ́n pàtẹ́wọ́. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, aṣọ pupa ti ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lẹ́nu ọ̀nà Akínrẹ̀mí, ṣakabùlà sì ti wà lábẹ́ ibùsùn Alhaji.

"Kí ni mo ṣe? Ta ni mo ṣẹ̀?" Akínrẹ̀mí bi í.

"Bó bá yá, wàá gbọ́."

Àwọn ọ̀bọ ò dúró dìgbà tó bá yá. Ọ̀sán gangan ni wọ́n ń wọ oko, Akínrẹ̀mí ń sọ òkò, ìyàwó rẹ̀ ń ṣa èyí tí wọ́n jẹ kù. Àgbàdo yẹn ni wọ́n ń jẹ, òun náà ni wọ́n ń tà. Ọ̀rọ̀ náà dun èèyàn.

Nípàdé tó tẹ̀ lé e, níwájú ilé Baálẹ̀, Kìnnìún tún gbé ìbọn lé itan. Hájíà Bùsírátù, aládìrẹ tí ilé rẹ̀ àti ti Alhaji jọ fara kan ara, dìde.

"Mo fẹ́ fi ẹnì kan sùn. Alága wa ni. Lánàá ni wọ́n na ìbọn sí ewúrẹ́ mi, wọ́n ní àwọn á pa á, àwọn á sì pa ẹni tó ni ín."

"Òdòdó mi ló ń jẹ!" ni Alhaji ké.

Kó tó pa ẹnu dé, Tawheed ti gba ìbọn, ó ti so aṣọ pupa mọ́ àga rẹ̀. "Ẹ má bínú, sà. Ẹnu ẹyọ kan ti tó."

"Ẹ jẹ́ kí n sọ tẹnu mi!"

"Bó bá yá!" ni gbogbo ìpàdé dáhùn.

Kìnnìún fò dìde lórí àga. "Ṣé bí wọ́n ṣe ń ṣe nìyí? Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ tèmi ná!" Ẹ wo ẹni tó wá di agbẹjọ́rò.

Akínrẹ̀mí ló nawọ́. "Ẹ jẹ́ ó sọ ọ́. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ó ṣe é fún mi, mi ò fẹ́ kí ẹ ṣe é fún un."

"Sàlàhúdíìnì, máa wí," ni Baálẹ̀ sọ.

Ká ní ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ nìkan ló sọ ni, ọ̀rọ̀ ì bá tán. Ṣùgbọ́n ẹni tí ohùn ara rẹ̀ ń dùn mọ́ kì í mọ ibi tó ti yẹ kóun dákẹ́.

"Èèyàn jẹ́jẹ́ ni mí. Àfojúdi ni mi ò fẹ́! Akínrẹ̀mí yìí, ìgalà mẹ́ta ló pa lọ́dún yìí. Itan mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló gba iwájú géètì mi kọjá. Kò yà! Kò tiẹ̀ wo ẹ̀gbẹ́! Èmi Alága! Ṣé ẹni tó ń rí mi fín tó báyìí kò léwu?"



"Àṣé ìwọ lo fi í sùn," ni Baálẹ̀ wí.



"Alhaji," Hájíà Bùsírátù fi ohùn pẹ̀lẹ́ béèrè, "ìgalà tí ìbọn pa nínú igbó, ta ló dú u? Àbí ẹ̀yin kọ́ lẹ ní háráámù ni?"

"Mi ò ní màá jẹ ẹ́. Kó ṣáà yà ni!"

Ẹ̀rín bú gbàmù. Mégáàdì, tó bá ọ̀gá rẹ̀ gbé àga wá, dojú bolẹ̀, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n fagi lé òfin náà, wọ́n sì lọ fa ṣakabùlà yọ lábẹ́ ibùsùn, wọ́n gbé e fún ẹni tó ni ín. Ti ẹlẹ́nu méjì, Baálẹ̀ ní òun á bá wọn tọ́jú rẹ̀ di ọ̀la, kí wọ́n kọ́kọ́ gbọ́ ti Hájíà, kí wọ́n gbọ́ ti Alhaji, kí wọ́n tó mọ èyí tó kàn.

Baálẹ̀ nu omi ẹ̀rín kúrò lójú, ó yíjú sí Kìnnìún Òṣíẹ̀lẹ̀ tó ń wá ibi tí yóò gbà lọ.

"Sàlàhúdíìnì ọmọ mi, eyín mi ò tiẹ̀ ká ẹran ìgbẹ́ mọ́. Bó o bá ti sọ fún mi ni, ǹ bá ti máa gé níbẹ̀ fún ọ."