Àṣẹ Tí Fákọ̀yà Gbé Mì

Ẹjọ́ tó dé ààfin Baálẹ̀ Adérógbà lánàá, díẹ̀ ló kù kí ẹ̀rín pa àwọn ìjòyè. Àmọ́ kò pa Ẹfúnkẹ́ tó pe ẹjọ́ lẹ́rìn-ín rárá. Ó ti di ẹrù rẹ̀ láti ilé wọn n'Ìjokò wá. Bí ọkọ rẹ̀, Fákọ̀yà, kò bá dá a lóhùn lọ́jọ́ náà, ilé ìyá rẹ̀ l'Ọ́yọ̀ọ́ ló ń lọ.

"Baálẹ̀, mo gbé oúnjẹ lọ bá a lóko ìrẹsì létí odò. Mo kí i bí wọ́n ṣe ń kí àgbẹ̀: 'Àroko bọ́dún dé o!' Kò dáhùn 'Àṣẹ'! Ṣe ló tẹ̀ mí mọ́ ẹrẹ̀!"

"Fákọ̀yà, ṣé òótọ́ ni?"

Fákọ̀yà ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́.

"Gbé ohùn sókè!"

"Ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ nítorí ẹyẹ ló ti mọ́ mi lára. Agùfọn ló ń sàba níwájú mi, Baálẹ̀. Ẹyẹ tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nílẹ̀ yìí! Nítorí rẹ̀ ni mi ò ṣe fín oògùn sóko, òun náà ni mo fi igun ìrẹsì kan sílẹ̀ fún láìkórè. Àwọn èèyàn ń ti Ìyànà Ìyẹsí wá wò ó."

"Àṣẹ tó yẹ kí o ṣe ńkọ́?"

"Mo ṣe é, Baálẹ̀. Inú ni mo ṣe é sí."

Ẹfúnkẹ́ fò dìde. "Àdúrà mi wá di ohun tí wọ́n ń gbé mì?"

Wọ́n pe Fàlílù, tó wá wo ẹyẹ lọ́jọ́ náà.

"Ojú mi ló ṣe! Ọkọ tẹ ìyàwó mọ́lẹ̀, ẹyẹ bá fò lọ!"

"Ẹyẹ wo?" Dúrótoyè, tí oko rẹ̀ wà nítòsí ti Fákọ̀yà, já lu ọ̀rọ̀. "Ẹyẹ ò mira. Màmá yìí ló yọ̀ ṣubú fúnra wọn. Fàlílù nìkan ló fò níbẹ̀, inú omi ló sì bọ́ sí."

"Ẹ̀n-ẹ́n," ni Fàlílù wí, "omi ló bo ojú mi."

Baálẹ̀ kọjú sí Fákọ̀yà. "Agùfọn mélòó ló wà lóko rẹ?"

"Méjì, Baálẹ̀."

"Ìyàwó ńkọ́?"

"Ẹyọ kan."

"Èwo ló wá ṣọ̀wọ́n jù?"

Fákọ̀yà na ìka sí Ẹfúnkẹ́.

"Láti òní lọ, ohun tí o bá ń ṣe fún ẹyẹ, ṣe é fún Ẹfúnkẹ́. Bó bá jókòó, má dà á láàmú. Fi igun ìrẹsì tirẹ̀ náà sílẹ̀ fún un. Àlejò tó bá sì wá, kó kọ́kọ́ yà kí i nílé kó tó rí ẹyẹ."

"Bó bá fò lọ ńkọ́?"

"Wàá dúró nínú ẹrẹ̀ títí yóò fi padà."

Inú Ẹfúnkẹ́ dùn, àmọ́ kò tíì gbà gbọ́. Ó rìn dé ẹnu ọ̀nà, ó yíjú padà.

"Àroko bọ́dún dé o!"

"ÀṢẸ!" Fákọ̀yà figbe ta, gbogbo adìyẹ ààfin fò gorí òrùlé.

Ẹfúnkẹ́ gbé ẹrù rẹ̀ ka ọkọ rẹ̀ lórí. "Rọra máa rìn lọ sílé," ló wí, "má dà mí láàmú."