Ẹní Tí Ìbídùn Tẹ́ fún Ìjàpá

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó yìí, ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé ẹni tó bá tẹ́ ẹní fún ìjàpá ni yóò gé èékánná rẹ̀? Ẹ ń mi orí bí ẹni tó mọ̀. Ẹ kò mọ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún yín.

Ìbídùn ni ìyàwó tí Oyèníran ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ní Ìsàlẹ̀-Àpáta, ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé, tó sì gbọ́ ẹ̀kọ́ náà ní àgbọ́jù. Ẹ mọ̀ pé ìyàwó kì í pe orúkọ ẹni tó bá bá nílé ọkọ. Ìbáà ṣe ọmọ ọwọ́, ó ti ṣáájú ìyàwó wọlé, àgbà rẹ̀ ni. Ọmọ ọdún méjì kan wà nínú agboolé, Ìbídùn ń kúnlẹ̀ kí i, ó ń pè é ní Eyínfúnjowó. Ìyẹn dára. Àmọ́ ìjàpá kan tún wà níbẹ̀, tó máa ń rìn káàkiri láàárín àwọn òkúta tí baba ọkọ rẹ̀ fi ń gbẹ́ ọlọ. Ìbídùn bèèrè ìgbà tó ti wà nílé. Wọ́n ní baba tó bí Baba ló mú un bọ̀ láti oko. Ìyàwó wo ìjàpá, ó rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn, ó kúnlẹ̀. Ọjọ́ náà ló ti ń pè é ní Baba Pẹ̀lẹ́.

Kò pẹ́ ni Baba àti Oyèníran lọ sóko ìkórè fún oṣù mẹ́rin. Baba ní kí Ìbídùn bá òun wo ìjàpá, pé kò ní wàhálà.

Ta ni yóò jókòó tí àgbà yóò máa rìn lórí òkúta? Ìbídùn tẹ́ ẹní fún un ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Nígbà tó yá, ó ní ẹní le jù, ó gbé tìmùtìmù lé e lórí. Ó gbá ewé líle àti karawun ìgbín tí ìjàpá máa ń họ jẹ dànù, ó ń po ẹ̀kọ mọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ pípọ́n, ó ń fi ṣíbí bọ́ ọ. Bí Baba Pẹ̀lẹ́ bá fẹ́ lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ó ń fi ọ̀já pọ̀n ọ́n.

Nígbà tó di oṣù kẹta, èékánná Baba Pẹ̀lẹ́ gùn, wọ́n sì ká kò bí ìwọ̀ apẹja. Bó bá gbẹ́sẹ̀, ẹní á tẹ̀lé e. Ìbídùn rò pé ẹní náà ló sú u, ó wá èyí tó nípọn jù ú lọ. Lẹ́yìn náà ni àgógó ẹnu rẹ̀ gùn wálẹ̀, ó bo ètè ìsàlẹ̀. Nígbà tó ṣe, kò lè la ẹnu mọ́ rárá. Ọjọ́ kan, ọjọ́ méjì, ọjọ́ mẹ́rin, kò jẹun.

“Baba Pẹ̀lẹ́, kí ni mo ṣe yín?” ni Ìbídùn ń bi í lórí ìkúnlẹ̀.

Baba Pẹ̀lẹ́ fa orí wọlé. Ẹ̀rù wá ba ìyàwó gidi. Bí ìjàpá bá kú sí i lọ́wọ́, ta ni yóò gbà pé kì í ṣe ìyàwó tuntun ló pa àgbà ilé? Ó sì fẹ́ràn rẹ̀ pẹ̀lú. Ohun tó rú u lójú ni pé bó ṣe ń kẹ́ ẹ tó ni ara rẹ̀ ń bàjẹ́ tó.

Ó sáré pe Ajíṣafẹ́, onígbàjámọ̀ àdúgbò. Ajíṣafẹ́ ní gígé ló yẹ kí wọ́n gé èékánná àti ẹnu yìí, kí wọ́n dá ìjàpá dùbúlẹ̀, kí ẹnì kan dì í mú.

“Ẹ fẹ́ da ẹ̀yìn àgbà délẹ̀ lójú mi?” ni Ìbídùn wí. “Kí ẹni tó jù ú lọ wá dì í mú o. Èmi, ìyàwó ni mí.”

Wọ́n wá ẹni tó ju ìjàpá lọ káàkiri agboolé. Wọ́n fa Ìyá Ẹfúnlọ́lá jáde, ìyá tó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún. Ìyá tẹjú mọ́ ìjàpá, ó ní òun náà bá a nílé nígbà tí òun ń ṣe ìyàwó. Ni òun náà bá kúnlẹ̀. Ènìyàn mẹ́ta ló fẹ́ gbé e dìde, wọn kò rí i gbé.

Ajíṣafẹ́ kò rí ọgbọ́n mìíràn dá. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú tìmùtìmù pẹ̀lú abẹ lọ́wọ́. Bí abẹ bá ti kan èékánná, ìjàpá á fa ẹsẹ̀ wọlé. Orí ìdọ̀bálẹ̀ náà ni Baba bá a nígbà tó ṣáájú Oyèníran ti oko dé lọ́sàn-án, Ìyá Ẹfúnlọ́lá wà lórí ìkúnlẹ̀, Ìbídùn sì ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ìjàpá.

Baba sọ ẹrù kalẹ̀. “Ìgbà wo lẹ fi í jọba?”

Ìbídùn bú sẹ́kún, ó rò fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Baba rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e.

“Ìyàwó, òkúta ló ń bá a gé èékánná láti ọjọ́ tí wọ́n ti mú un dé. Karawun ìgbín ló ń pọ́n ẹnu rẹ̀. Àwa ò gé nǹkan kan fún un rí.”

Ó mú ayùn tó fi ń pọ́n àdá. Ìbídùn mí kanlẹ̀, ó yẹra fún un. Baba fi ayùn náà lé e lọ́wọ́.

Báyìí ni ìyàwó gbé àgbà lé itan, ó da ẹ̀yìn rẹ̀ délẹ̀, ó ń rin èékánná díẹ̀díẹ̀, ó ń rin àgógó ẹnu díẹ̀díẹ̀, ó sì ń tọrọ àforíjì bó ṣe ń rin ín lọ. Ilẹ̀ ti ń ṣú lọ kó tó parí. Bí wọ́n ṣe gbé ìjàpá kalẹ̀, ó la ẹnu, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹní. Ó jẹ ẹ́ dé ìdajì. Inú Ìbídùn dùn débi pé omijé tún bọ́.

“Baba,” ló wí, “ẹní yìí mà ti bàjẹ́. Ṣé kí n tún tẹ́ òmíràn fún wọn?”

Baba ká ìdajì ẹní tó kù kúrò nílẹ̀.

“Tẹ́ ẹ,” ló dáhùn. “Ṣùgbọ́n ẹni tó bá tẹ́ ẹní fún ìjàpá ni yóò gé èékánná rẹ̀.”