Bàbá Ìyàwó Mi Wọ Ẹgbẹ́ Ṣẹ́ẹ̀sì

Bí mo tilẹ̀ gbàgbé orúkọ ara mi, mi ò lè gbàgbé Sátidé tí mo mú bàbá ìyàwó mi lọ díje ṣẹ́ẹ̀sì ní Plateau, ní àárín ìlú Abidjan.

Nígbà tí mo dé Abidjan, ẹgbẹ́ ṣẹ́ẹ̀sì wa ní Yopougon kún fọ́fọ́. Bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, fóònù gba àwọn ọ̀dọ́ mọ́ wa lọ́wọ́, àwọn mìíràn kọ́lé sí Songon lẹ́yìn ìlú, a ò sì rí wọn mọ́. Ó wá ku àwa mẹ́ta. Ẹni mẹ́rin ni líìgì ń fẹ́. Bí a ò bá pé, wọ́n á yọ ẹgbẹ́ wa kúrò. Mo fẹ́ràn ẹgbẹ́ yẹn, ó ń dùn mí gan-an. Ni mo bá sáré lọ bá Bàbá, ará Ìgbòho tó ń ta aṣọ ní Adjamé. Ọ̀ta ni wọ́n nídìí ayò ọlọ́pọ́n. Mo kọ́ wọn bí a ṣe ń gbé ọmọ ṣẹ́ẹ̀sì, mo ní ayò náà ni gbogbo rẹ̀. Ọgbọ́n orí mi nìyẹn!

A wọ gbọ̀ngàn, gbogbo ilé pa rọ́rọ́. Bàbá dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ké tantan: "Mo kí ọ̀ta, mo kí òpè o!"

Bí a ṣe ń kí àwọn tó ń ta ayò nílé nìyẹn. Ẹni tó ń borí ní í dáhùn. Adájọ́ ìdíje ló fi èdè Faransé ní kí àgbà dákẹ́: "Le vieux, silence, s'il vous plaît."

"Ta ló kú?" ni Bàbá bi mí.

Ọmọ ṣẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ tí Bàbá jẹ, inú àpò dàńṣíkí ni wọ́n sọ ọ́ sí. Adájọ́ bẹ̀bẹ̀ kó tó rí i gbà. Wọ́n tún kọjú sí ọmọbìnrin tó ń bá wọn ta á, ọmọ ará Ṣakí tí wọ́n bí sí Treichville: "Òpè, ṣé o jẹun kúrò nílé?"

Ọmọ náà bú sẹ́rìn-ín. "Papa, òpè, c'est vous!" Ó ní Bàbá gan-an ni òpè.

Gbogbo gbọ̀ngàn rẹ́rìn-ín. Èmi ń wá ihò tí mo máa wọ̀. Àfi bí Bàbá ṣe na ọrùn wo ayò tèmi: "Àna mi, gbé ẹṣin! Ẹṣin!" Òfin ìdíje ò gba kí ẹlòmíràn dá sí ayò ẹni, kíá ni adájọ́ fún alátakò mi ní ayò náà. Ohun tó dùn mí jù ni pé ẹṣin náà ló yẹ kí n gbé.

Gbogbo wa la pàdánù, ṣùgbọ́n a pé mẹ́rin, wọn ò yọ wá. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, ọmọbìnrin yẹn kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá bá Bàbá ní Yopougon, wọ́n fẹ́ gbọ́ èébú sí i. Àwọn yẹn tún pe ẹlòmíràn. Nígbà tí ìdíje tuntun dé, a ní láti yan ẹni mẹ́rin láàárín èrò. Wọ́n mú Bàbá. Wọn ò mú mi.

"Àna mi, má bínú," ni Bàbá wí, "ìwọ lo máa bá wa gbé omi."

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé ẹni tó bá ń wá èrò kiri, kó rántí pé èrò náà á fẹ́ jókòó. Mo rẹ́rìn-ín, mo sì gbé omi.