Patanmọ́ Inú Ọgbà Aling Basilisa

Herminio, ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, ti ń sìn nílé Aling Basilisa fún oṣù márùn-ún nítorí Delfina, ọmọbìnrin ìyá náà, bí ọkùnrin tó fẹ́ gbéyàwó ṣe máa ń ṣe lábúlé wọn. Lánàá ló gbọ́ pé ìyá náà fẹ́ ní kó máa lọ. Láàárọ̀ yìí, ó lóṣòó sídìí ejìnrìn tí wọ́n gbìn, ó ń fi àdá gé patanmọ́, ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀. Aling Basilisa gbé ife kọfí wá dúró sẹ́yìn rẹ̀.

"Herminio."

"Mà."

"Ṣé ò ń bá a gẹ irun ni?"

"Mò ń ro ọgbà ni, Màmá."

"Láti oṣù márùn-ún! Ńṣe ni patanmọ́ yẹn tún ń dára sí i."

"Ẹ̀gún rẹ̀ ló burú. Ẹ wo ọwọ́ mi."

Ó nawọ́. Ìyá náà wò ó, ó fẹ́ kọfí rẹ̀.

"Ọkọ́ wà lára ògiri, àdá lo mú. Ta ló ń fi àdá hú gbòǹgbò?"

"Ilẹ̀ yín ló le, Màmá."

"Ilẹ̀ tí adìẹ mi ń fẹsẹ̀ tú? Ṣé o ò tó adìẹ ni?"

Delfina yọjú lójú fèrèsé. Àdá dúró.

"Èmi ni kó o wò! O mọ̀ọ́mọ̀ ń fi gbòǹgbò yẹn sílẹ̀, àbí mo parọ́?"

Herminio gbé àdá sílẹ̀.

"Màmá, ẹ̀rọ omi wà nílé yín. Gáàsì lẹ fi ń dáná. Ọgbà yìí nìkan ló kù. Tó bá mọ́ tán, kí ni màá sọ pé mo wá ṣe níbí?"

"Jésù, Màríà! Èmi ń retí kó mọ́ kí n lè ní káwọn òbí ẹ wá tọrọ ọmọ! Mo ti rò pé o ò fẹ́ ẹ mọ́ ni, ìyẹn ni mo ṣe fẹ́ ní kó o máa lọ."

"Ẹ ò sọ fún mi!"

"Ìwọ náà, ṣó o sọ?"

Herminio ti débi ọkọ́. Erùpẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fò.

"Ọjọ́ wo ni kí wọ́n wá, Màmá?"

"Sọ́ńdè, lẹ́yìn Mísà, tí ìdí ejìnrìn yẹn bá mọ́. Kí ìyá ẹ sì gbé oúnjẹ gidi dání o!"

"Ó ti mọ́! Ìdí ilá ló kù, ẹ jẹ́ kí n—"

"Dúró! Má fọwọ́ kan ìdí ilá."

"Màmá, ẹ̀gún ló kúnbẹ̀ o."

"Mo rí i. Ọmọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ àbúrò Delfina máa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Mọ́ńdè."