Bí Mo Ṣe Di Ọmọ Àjàmú Inú Àwo Orin

Ọjọ́ Sunday kan wà tó jẹ́ pé, bí mo bá rántí rẹ̀ nínú ọkọ̀, mo máa ń pariwo "Áà!" lémi nìkan, kí n tó rántí pé gíláàsì ọkọ̀ ṣí sílẹ̀. Ó ti pẹ́ o, ọjọ́ náà ò tíì tán lọ́kàn mi, kò sì jọ pé ó máa tán. Houston ló ti ṣẹlẹ̀, láyé ìgbà tí àwo orin ṣì gbayì, tí kásẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo lè yí gbogbo ilé àwa ọmọ Nàìjíríà po kó tó já. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí nígbà náà. Mò ń kàwé lọ́sàn-án, mò ń ṣọ́ ilé iṣẹ́ kan nírọ̀lẹ́, ara mi kì í sì í gbé ibì kan.

Ohun kan ṣoṣo tó ń mú mi jókòó ni ìpàdé wa nílé Bọ̀dá Fẹ́mi ní apá Southwest. Bá a bá ti ṣe ìsìn tán lọ́jọ́ Sunday, àwa mélòó kan tí orin wà lẹ́jẹ̀ wa a kóra jọ síbẹ̀. Kálukú a mú àwo tàbí kásẹ́ẹ̀tì kan dání, a sọ ohun tó ń gbọ́ lọ́sẹ̀ náà, a sì sọ orin àtijọ́ kan tí kò lè gbàgbé láti ilé. Ẹnì kan lè mú orin àwọn òyìnbó amúgìtá wá, ẹlòmíì a mú àpàlà, ẹlòmíì a mú orin ìjọ Aládùúrà tí ìyá rẹ̀ fi ránṣẹ́ sí i. Òfin kan ṣoṣo ni Bọ̀dá Fẹ́mi ṣe: bí abẹ́rẹ́ bá ti kan àwo, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ lanu títí orin á fi tán. Ẹnjiníà ni wọ́n, wọn kì í fòfin ṣeré. Ìyàwó wọn pàápàá, bí wọ́n bá fẹ́ mọ ẹni tó fẹ́ ẹran sí i, ọwọ́ ni wọ́n fi ń béèrè.

Kí n sọ òótọ́ fún yín, orin nìkan kọ́ ló ń gbé mi lọ. Ṣadé, àbúrò Bọ̀dá Fẹ́mi, wà níbẹ̀. Ó ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ó sì máa ń dijú bó bá ń gbọ́ orin. Èmi a wá máa wo ojú tó dì yẹn bí ẹni ń wo tẹlifíṣọ̀n. A ti jọ ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ọ̀rọ̀ náà sì ti ń dùn, àmọ́ Bọ̀dá Fẹ́mi ni bàbá rẹ̀ nílẹ̀ Amẹ́ríkà. Bí wọn ò bá fọwọ́ sí i, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Ìbéèrè tí wọ́n sì fẹ́ràn jù ni, "Ọmọ ta ni ẹ́ gan-an?" Télọ̀ ni bàbá mi. Aṣọ iléèwé ni wọ́n ń rán fáwọn ọmọdé ní Ìkìrun. Lójú tèmi nígbà náà, ìyẹn kì í ṣe èsì téèyàn ń fún ẹnjiníà.

Ní Sunday kan, ọ̀rọ̀ orin àtijọ́ kàn mí, mo bá dárúkọ àwo jùjú kan tí mo máa ń gbọ́ nílé. Ẹ mọ bí àwọn olórin wa ṣe máa ń ki àwọn èèyàn ńlá. Nínú àwo yìí, olórin náà ki ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Jóṣúà Àjàmú. Ó pè é lọ́lọ́wọ́ ẹ̀bùn, ó pè é ní òpó tó gbé ilé dúró. Bọ̀dá Fẹ́mi nà ró lórí àga.

"Àjàmú? Ṣé kì í ṣe surname ẹ nìyẹn?"

"Òun ni, sà."

"Kí wá ni orúkọ bàbá ẹ?"

"Jóṣúà ni, sà."

Títí débi yìí, òótọ́ pọ́ńbélé ni. Ká ní mo panu mọ́ níbẹ̀, mi ò bá má ní ìtàn kankan láti sọ. Àmọ́ Ṣadé ti lajú, ó ń wò mí. Ni ẹnu mi bá já mi sílẹ̀, ó ń dá rìn. Mo ní, "Bàbá mi ni wọ́n ń kì níbẹ̀."

Láti ọjọ́ náà ni ayé ti yẹ mí. Wọ́n sọ mí ní Ọmọ Àjàmú. Àga tó ní tìmùtìmù di tèmi. Ìyàwó Bọ̀dá Fẹ́mi bẹ̀rẹ̀ sí í bu itan adìẹ fún mi, èmi tó jẹ́ pé ọrùn ni mò ń bá jà tẹ́lẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní àwo náà ní gbogbo Houston, èmi gan-an, ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nìkan ni mo mọ̀, nítorí náà ọkàn mi balẹ̀.

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo lòótọ́ máa bá a. Tèmi ò tiẹ̀ rìn jìnnà. Mo wọlé lọ́jọ́ Sunday kan, Bọ̀dá Fẹ́mi ti ń dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà, inú wọn ń dùn.

"Ọmọ Àjàmú! Délé, èyí tó ń ṣiṣẹ́ ní plant ní Pasadena, ti ti Nigeria dé. Guess what he brought. Àwo bàbá ẹ!"

Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. "Next Sunday la máa gbọ́ ọ," Bọ̀dá Fẹ́mi ní, "ìwọ lo sì máa jó o fún wa. After that, èmi àti ìwọ á jókòó, ká sọ ọ̀rọ̀ ìwọ àti Ṣadé." Mo rẹ́rìn-ín. Mi ò mọ ibi tí ẹ̀rín náà ti wá.

Ọ̀sẹ̀ yẹn, mi ò rójú jókòó. Nínú kíláàsì, ẹsẹ̀ mi ń gbọ̀n débi pé ọmọbìnrin tó wà níwájú mi kó ìwé rẹ̀, ó yípò padà. Níbi iṣẹ́, mò ń yí ilé po títí ó fi sú ajá tí wọ́n so síbẹ̀ láti gbó mi. Kí ló kù nínú orin yẹn? Bó bá sọ pé ọmọ Abẹ́òkúta ni Àjàmú ńkọ́? Bó bá sọ pé ó ti kú ńkọ́? Mo wá ronú pé kò sóhun tó dáa ju kí àwo náà kọ́kọ́ tẹ̀ mí lọ́wọ́. Mo pe Bọ̀dá Fẹ́mi pé èmi ni màá lọ gbà á wá. "Ọmọ gidi," wọ́n ní. "Ó fẹ́ fọwọ́ ara ẹ̀ gbé bàbá ẹ̀ wálé."

Mo wakọ̀ dé Pasadena, òórùn ilé ìfọpo ń wọnú ọkọ̀ mi. Ẹ̀gbọ́n Délé ti wọṣọ iṣẹ́, akoto wà lábíyá wọn, wọ́n ń kánjú lọ sí shift. Àpò ìrọ̀rí ni wọ́n fi wé àwo náà.

"Ìyá mi ló ni ín," wọ́n ní. "Lẹ́yìn tá a sin ín, àwọn ẹ̀gbọ́n mi ń pín ilẹ̀, wọ́n ń pín aṣọ. Mo ní àwo yìí nìkan ni kí wọ́n fún mi. Abeg, handle am like egg o. Bá mi kí bàbá."

Mi ò ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbọ́ àwo nílé, kásẹ́ẹ̀tì nìkan lèmi ń gbọ́. Nítorí náà, bàbá ẹlòmíì wà lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mi ò sì mọ ohun tó fẹ́ sọ. Oòrùn oṣù August ń jó orí títì. Ibẹ̀ ni èrò burúkú ti wọlé. Mo yà sí mall kan, mo gbé àwo náà sẹ́yìn ọkọ̀, lábẹ́ gíláàsì, mo ti ilẹ̀kùn, mo wọlé lọ. Oòrùn Houston á bá mi bà á jẹ́, ọwọ́ mi á sì mọ́. Ọgbọ́n mi nìyẹn.

Mo jókòó, mo dìde. Mo wo bàtà tí mi ò fẹ́ rà. Mo ra áísìkirimù, mi ò lè lá a, ó ń yọ́ sí mi lọ́wọ́. Bí mo ṣe ń wò ó, ìyá Ẹ̀gbọ́n Délé, tí mi ò mọ̀ rí, bá wá sọ́kàn mi. Mo sáré jáde bí olè. Kí n tó dé ìdí ọkọ̀, àwo orin ti di àwo ọbẹ̀. Etí rẹ̀ ti ká sókè, èèyàn lè bu ẹ̀fọ́ sínú rẹ̀.

Ẹ̀rù tuntun wá bà mí, ó ju ti àkọ́kọ́ lọ. Mo sáré délé, mo tì í sínú fíríìsà, sáàárín ẹja Kúnlé tá a jọ ń gbé. Ó tutù, ó ṣì ká. Mo yọ ọ́ jáde, mo fi àwọn ìwé mi tẹ̀ ẹ́, kò gbọ́. Mo gbé àpò ìrẹsì lé e, mo bá gun orí àpò náà, mo jókòó. Bí Kúnlé ṣe wọlé bá mi nìyẹn.

"Guy, wetin be this? Ṣé o ti ń sàba ni?"

"Fi mí sílẹ̀."

"Tó bá pa, fún mi ní ọ̀kan." Ó ṣí fíríìsà. "Ta ló tú ẹja mi ká?"

Nígbà tí Sunday fi máa pé, àwo náà ti tẹ́ díẹ̀. Ilé Bọ̀dá Fẹ́mi kún fọ́fọ́, Ẹ̀gbọ́n Délé pàápàá wá. Bọ̀dá Fẹ́mi yọ àwo, wọ́n fi sí imú. "Kí ló ń rùn bí ẹja?" Mo ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ láti ilé ìdáná. Wọ́n gbé e sórí ẹ̀rọ, abẹ́rẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fò. Wọ́n fi kọ́bọ̀ kan lé orí abẹ́rẹ́ kó lè wúwo. Orin bẹ̀rẹ̀, ohùn olórin ń lọ sókè, ó ń lọ sílẹ̀, bí ẹni tó ń kọrin nínú ọkọ̀ ojú omi. Kálukú panu mọ́ gẹ́gẹ́ bí òfin.

Ó dé orí Jóṣúà Àjàmú. Bọ̀dá Fẹ́mi fọwọ́ pè mí. Mo bọ́ sáàárín, mo bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Kí n má tan yín, mo mọ̀ ọ́n jó. Wọ́n lẹ dọ́là kan mọ́ mi níwájú orí, òógùn sì dì í mú dáadáa. Mo kọjú sí Ṣadé, mo sọ èjìká sọ́tùn-ún, mo sọ ọ́ sósì. Olórin náà wá ń ṣàdúrà:

"Jóṣúà Àjàmú, má sunkún mọ́,
Obìnrin mẹ́fà tó o bí, ẹ̀bùn Olúwa ni,
Bí ò bá tiẹ̀ tíì sí ọkùnrin kankan,
Ọba òkè á fún ọ lárólé."

Èmi ò tètè gbọ́. Ijó ló gbà mí lọ́kàn. Àwọn agberin ti ń dáhùn, "Kò tíì bí ọkùnrin, á bí i," èmi ọkùnrin, ọmọ Àjàmú, ṣì ń fi ìdí jó o. Ìgbà tí mo rí i tí Ṣadé fọwọ́ bo ẹnu ni etí mi ṣẹ̀ṣẹ̀ là.

Ẹ má sì gbàgbé, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ bí abẹ́rẹ́ bá wà lórí àwo. Orin jùjú kì í sì í tán bọ̀rọ̀. Gìtá ń dáhùn gìtá, àwọn agberin ń tún un kọ pé kò tíì bí ọkùnrin. Mo dúró sáàárín ilé, dọ́là lẹ̀ mọ́ mi lórí, mi ò lè jó, mi ò lè jókòó. Èjìká àwọn èèyàn ń gbọ̀n. Ẹnì kan ki fìlà bọ ẹnu. Ìyàwó Bọ̀dá Fẹ́mi sáré wọ ilé ìdáná, a gbọ́ tí ìkòkò ń já lulẹ̀.

Nígbà tí abẹ́rẹ́ kúrò, Ẹ̀gbọ́n Délé ló kọ́kọ́ lanu. "Ẹ má dá a lẹ́bi. Bóyá àdúrà yẹn ló gbà, tí wọ́n fi bí i!"

Ilé dàrú. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí àwọn kan fi wà nílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Délé ń nu ojú, wọ́n lọ gbé àwo wọn, wọ́n gbé e sí ìmọ́lẹ̀, ẹ̀rín sì kúrò lójú wọn. "Ta ló ṣe báyìí sí àwo ìyá mi?"

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, dọ́là bọ́ sílẹ̀. Mo ka gbogbo rẹ̀: oòrùn, mall, ẹja, ìrẹsì. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Ẹ̀gbọ́n Délé fi etí ẹ̀wù wọn nu àwo náà jẹ́jẹ́. "Ó ṣì ń kọrin," wọ́n ní. "Ìyẹn ló kó ẹ yọ."

Bọ̀dá Fẹ́mi ní, "Kí ni bàbá ẹ ń ṣe gan-an?"

"Télọ̀ ni wọ́n, sà."

"Télọ̀ ló rán ẹ wá sí university ní America?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Wọ́n mi orí, wọ́n wọ yàrá lọ. Wọn ò dárúkọ Ṣadé.

Ṣadé fúnra rẹ̀ sìn mí dé orí àtẹ̀gùn. Mo ní, "Jọ̀ọ́, má bínú, bàbá mi…"

"Bàbá ẹ kọ́ lo fojú kéré," ó ní. "Èmi ni. O ti pinnu pé mi ò lè fẹ́ ọmọ télọ̀. O ò tiẹ̀ bi mí." Ó wọlé, ó rọra ti ilẹ̀kùn. Ó dùn mí gan-an ni.

Ó ti fẹ́ ẹlòmíì, Richmond tó wà nítòsí Houston ni wọ́n ń gbé, mo sì gbọ́ pé ọlọ́dẹ iléèwé ni bàbá ọkọ rẹ̀. Bá a bá pàdé ní ṣọ́ọ̀ṣì, á kí mi ní Ọmọ Àjàmú, àwa méjèèjì á rẹ́rìn-ín. Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ò ju èyí lọ: bó o bá fẹ́ yá oríkì ẹlòmíì lò, gbọ́ orin náà dé òpin. Èyí tó dáa jù ni kó o lo ti bàbá ẹ bó ṣe rí.

Nígbà tó yá, mo rójú sọ ọ́ fún bàbá mi lórí fóònù. Mo rò pé inú máa bí wọn. Àfi bí mo ṣe gbọ́ ẹ̀rín.

"Àwo yẹn? Gbogbo Ìkìrun ló mọ̀ pé èmi ni wọ́n kọ ọ́ fún. Èmi ni mo sọ fún wọn. Òun ni mo fi ń fa oníbàárà."

"Bàbá! Ibi tí wọ́n ti ní ẹ ò bí ọkùnrin ńkọ́?"

"Ìwọ náà ò ṣe gbọ́n? Mo máa ń gbé abẹ́rẹ́ kúrò kó tó débẹ̀."

Mo rẹ́rìn-ín, mo rẹ́rìn-ín, títí ẹ̀rín náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí.