Ẹni Tí Mo Ní Ó Jí Àwọ̀ Inú Tẹlifísàn Mi

Ọjọ́ kan wà tí kò ní tán lọ́kàn mi títí ilẹ̀ yóò fi gba ara mi: ọjọ́ Àìkú tí mo dìde láàárín ìpàdé ẹgbẹ́ wa ní àdúgbò Avéa, tí mo na ìka sí ọmọlúàbí èèyàn, tí mo sì kígbe pé ó jí àwọ̀ inú tẹlifísàn mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Lójú tèmi nígbà náà, ọ̀rọ̀ ọ̀hún mọ́gbọ́n dání.

Libreville, olú ìlú Gabon, ni mo ń gbé, lásìkò tí owó epo rọ̀bì ya wọ ìlú náà. Ilé gogoro ń yọ létí òkun, ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn lánàá ti wà nínú mọ́tò lónìí, kò sì sí ibi téèyàn máa jókòó sí tí wọn ò ní sọ̀rọ̀ tẹlifísàn aláwọ̀. Èmi ní ṣọ́ọ̀bù aṣọ kékeré kan ní àdúgbò tí wọ́n ń pè ní Glass. Àlàájì ni wọ́n ń pè mí, bẹ́ẹ̀ mi ò tíì fojú kan Mẹ́kà rí. Fìlà funfun tí mo ń dé ló fa orúkọ náà, èmi náà ò sì bá wọn jiyàn.

Kí n má purọ́, ìfura mi pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Bí oníbàárà bá kí mi ní kíkí tó gùn, aṣọ tó fẹ́ jí ni mo máa ń fojú wá. Bí Ràfátù ìyàwó mi bá se ọbẹ̀ tó dùn ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, màá béèrè ohun tó fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi. Ìfura loògùn àgbà, ohun tí mo máa ń wí nìyẹn. Ràfátù máa ń dáhùn pé oògùn tèmi ti kọjá ìwọ̀n.

Nígbà tó wá kàn mí láti ra tẹlifísàn, mo lọ gba ìmọ̀ràn lọ́dọ̀ Fẹ́líìsì. Nàgó ni, ọmọ Kétu láti orílẹ̀-èdè Benin. Ó ní ṣọ́ọ̀bù pákó kan ní Avéa, níbi tó ti ń tún rédíò àti tẹlifísàn ṣe fún gbogbo wa. Mo fi bí ọdún mẹ́wàá ju ọkùnrin náà lọ, ẹ̀gbọ́n ló sì máa ń pè mí.

"Ẹ̀gbọ́n, ibí ni kẹ́ ẹ ti rà á," ó ní. "Ẹ má ra ti Èkó."

"Kí ló dé? Ti Èkó ò dáa ni?"

"Ó dáa fún Èkó. Bí àwọn ìlú tí Gẹ̀ẹ́sì ṣàkóso rí ṣe ń fi àwòrán ránṣẹ́ yàtọ̀ sí bí àwọn Faransé ṣe ń fi tiwọn ránṣẹ́. Tẹ́ ẹ bá gbé ti Èkó wá síbí, ẹ máa rí àwòrán, àmọ́ ẹ ò ní rí àwọ̀, ẹ ò sì ní gbọ́ ohùn."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tẹ̀rín-tẹ̀rín. Bí mo ṣe jáde ni mo sọ fún ara mi pé àwọn olówó tó ń ta tẹlifísàn nílùú yìí ti fi nǹkan sí i lọ́wọ́. Tẹlifísàn wo ló ń gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tí kì í gbọ́ Faransé? Lọ́jọ́ kejì, mo kọ lẹ́tà sí Múrí àbúrò mi ní Èkó pé kó ra èyí tó tóbi jù nínú ṣọ́ọ̀bù, kó dúró tì í kí wọ́n tàn án lójú rẹ̀, kó tó gbé e sínú ọkọ̀ ojú omi. Múrí kọ̀wé padà pé òun rí àwọ̀ nínú rẹ̀ títí ojú fi ń ro òun.

Nígbà tí tẹlifísàn dé, mo pe àwọn aládùúgbò. Ràfátù din ẹ̀pà, ó to àga sílẹ̀. Mo ki wáyà rẹ̀ bọ ojú iná lára ògiri, mo sì tẹ bọ́tìnnì. Ọkùnrin kan yọ nínú gíláàsì náà tó funfun bí ẹni tí wọ́n da eérú sí lára. Ó ń ya ẹnu, ṣùgbọ́n ariwo "ṣììì" nìkan la ń gbọ́.

"Àlàájì, ṣé aláwọ̀ lẹ pe èyí?" ìyá kan béèrè.

"Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti orí omi dé ni," mo dáhùn. "Ẹ jẹ́ kó sinmi."

Ó sinmi ọjọ́ mẹ́ta. Eérú ò kúrò lára ọkùnrin náà.

Ó di dandan kí n gbé e lọ bá Fẹ́líìsì, ṣùgbọ́n ọkàn mi ò balẹ̀. Mo ti gbọ́ pé àwọn tó ń tún nǹkan ṣe máa ń yọ irin inú rẹ̀ tó dára, wọ́n á sì fi ògbólógbòó rọ́pò rẹ̀. Ni mo bá mú kútẹ́ẹ̀sì pupa tí Ràfátù fi ń kun èékánná, mo tú ẹ̀yìn tẹlifísàn, mo sì kán àmì pupa tó-tó-tó sára gbogbo nǹkan tó wà níbẹ̀. Ó gbà mí láti ìdájí títí di àsìkò oúnjẹ ọ̀sán. Ràfátù dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò mí.

"Bàbá Sìkírá, ẹ ti lo kútẹ́ẹ̀sì mi tán o."

"Wàá rà míì. Olè la fẹ́ mú."

Fẹ́líìsì tú ẹ̀yìn tẹlifísàn, ó wò ó, ó wò mí, ó tún wò ó. "Ẹ̀gbọ́n, ta ló ń ṣe ìyàwó lọ́ṣọ̀ọ́ nínú ibí?" Mo ní mi ò mọ̀, bóyá àwọn tó ṣe é lókè òkun ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó tàn án, ni kútẹ́ẹ̀sì tó wà níbi tó máa ń gbóná bá bẹ̀rẹ̀ sí í rú èéfín. Àwa méjèèjì sáré jáde, a ń wúkọ́. Ó fi odindi wákàtí kan fọ ibi tó jó, kò sì bínú. Lẹ́yìn náà ló ní òun lè tún ohùn rẹ̀ ṣe kó gbọ́ ti ìlú yìí, àmọ́ ohun tí yóò mú àwọ̀ wá, Faransé ni wọ́n ti máa ránṣẹ́ lọ mú un.

Mo fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀ fọ́jọ́ méjì. Nígbà tí mo padà, ohùn ti dé lóòótọ́, ó ń dún ketekete. Kí n dúpẹ́ ni, àbí? Ṣùgbọ́n ojú mi lọ sí orí tábìlì kejì. Tẹlifísàn kékeré ti oníbàárà mìíràn wà níbẹ̀, obìnrin kan sì ń ka ìròyìn nínú rẹ̀. Aṣọ rẹ̀ pupa, ètè rẹ̀ pupa, òdòdó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ń dán yanran. Obìnrin kan náà wà nínú tèmi, ó dà bí òkú. Ara mi gbóná. Mo tú ẹ̀yìn tẹlifísàn mi, gbogbo kútẹ́ẹ̀sì mi ló wà níbi tí mo kán wọn sí, àfi èyí tó jó. Ẹni tó lọ́gbọ́n ìbá ti mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ò mú nǹkan kan. Èmi ní tèmi sọ pé, "Áà, olè yìí gbọ́n o! Ó fi gbogbo irin sílẹ̀, ó fa àwọ̀ lọ."

Bí ọ̀rọ̀ ṣe dé ìpàdé ọjọ́ Àìkú nìyẹn. Ẹgbẹ́ wa kó ọmọ Nàìjíríà àti Nàgó pọ̀, àgbàlá Bàbá Ìlọrin, alága wa, la sì ti máa ń jókòó. Mo dìde, mo sọ gbogbo rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n," Fẹ́líìsì dáhùn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, "àwọ̀ kì í ṣe ata téèyàn ń bù látinú ìkòkò kan sí òmíràn. Mo ti sọ fún yín kẹ́ ẹ tó rà á."

"Torí o ti ń gbèrò rẹ̀ nígbà yẹn ni!"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ò dá ọ̀rọ̀ olè dúró. Tí wọ́n bá ti pe ẹni tó ń túnṣe ní olè, kí ló tún kù fún un? Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, àwọn èèyàn ti ń lọ gba rédíò wọn padà láìtíì tún un ṣe. Onílé Fẹ́líìsì, ọmọ Gabon, gbọ́ ọ, ó sì sọ fún un pé òun ò fẹ́ ọlọ́pàá lágbàálé òun, kó kó ẹrù rẹ̀ kí oṣù tó parí. Gbogbo wa mọ ohun tó wà nídìí ìyẹn. Àjèjì tí orúkọ olè bá lẹ̀ mọ́ lára kì í pẹ́ nílùú onílùú kí wọ́n tó dá a padà sílé.

Èmi ń yan fanda. Ìrìn àjò aṣọ wá kàn mí sí Èkó, mo sì gbé tẹlifísàn náà dání kí n lè mú ẹ̀rí tó dájú bọ̀. Mo fẹ́ kí ẹni tó tà á fún Múrí wò ó, kó sọ ohun tí wọ́n yọ nínú rẹ̀. Nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ọkùnrin náà ki wáyà rẹ̀ bọ ojú iná, ó tẹ bọ́tìnnì.

Àwọ̀ tú jáde! Ewé tútù, ọ̀run aró, ọ̀gẹ̀dẹ̀ pípọ́n. Ṣùgbọ́n ohùn ò sí. "Ṣììì" nìkan ló ń ṣe.

Onítọ̀hún tú ẹ̀yìn rẹ̀, ó wo inú rẹ̀ dáadáa. "Kò sí nǹkan tó dín níbí. Ẹnì kan ló yí ohùn rẹ̀ padà sí ti ilẹ̀ Faransé, ọwọ́ onítọ̀hún sì mọ́. Ta ni ọ̀gá yìí? Àti pé, ẹ jọ̀ọ́, ta ló kun èékánná síbí?"

Múrí yí ojú sí ògiri kí n má bàa rí ẹ̀rín rẹ̀. Mo jókòó sórí páálí. Ìtìjú mú mi débi pé mi ò lè gbé ojú sókè.

Èṣù wá sọ̀rọ̀ sí mi létí. Ó ní kí n ta tẹlifísàn náà sí Èkó, kí n padà, kí n pa ẹnu mọ́. Ta ló máa mọ̀ ní Libreville? Mo fi òru méjì rò ó. Ohun tí kò jẹ́ kí n sùn ni pé Fẹ́líìsì ò bínú sí mi lọ́jọ́ tí èéfín lé wa jáde.

Nígbà tí mo padà sí Libreville tí mo dé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó ti ń kó irin iṣẹ́ rẹ̀ sínú àpótí. Mo fẹ́ dọ̀bálẹ̀ fún un, èmi ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó dì mí mú léjìká.

"Rárá, ẹ̀gbọ́n. Kò sẹ́ni tó ń wò wá níbí. Ibi tẹ́ ẹ ti pè mí lólè ni kẹ́ ẹ ti sọ ọ́."

Mo sọ ọ́ lọ́jọ́ Àìkú, látorí lẹ́tà dé orí kútẹ́ẹ̀sì. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú Bàbá Ìlọrin. Nígbà tó nu ojú rẹ̀ tán, ó ní ẹnu tó tú oníbàárà ká ni yóò lọ kó wọn padà. Kò yọ̀ǹda kí n rán ẹnikẹ́ni. Èmi fúnra mi ni mo bá onílé sọ̀rọ̀ títí ó fi gbà kí Fẹ́líìsì dúró, èmi ni mo sì ń ti ilé dé ilé, láti Avéa dé Nzeng-Ayong, tí mo ń wọ takisí àjùmọ̀wọ̀ pẹ̀lú rédíò olórédíò lórí itan. Níbi gbogbo ni mo ti ń wí pé, "Kò jí nǹkan kan, èmi ni òmùgọ̀." Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo fi ṣe é kí ṣọ́ọ̀bù náà tó tún kún.

Fẹ́líìsì dárí jì mí, mo mọ̀ pé ó tinú rẹ̀ wá. Ṣùgbọ́n lọ́dún tó tẹ̀ lé e, mo fẹ́ ra fìríìjì, mo sì lọ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ èwo ló dára. Ó ń yọ́ òjé tó fi ń lẹ wáyà, kò gbé ojú sókè.

"Ẹ̀gbọ́n, èyí tó bá wù yín ni kẹ́ ẹ rà."

Mo bẹ̀ ẹ́. Ohun kan náà ló tún wí, pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Èyí tó wù mí ni mo rà, ẹja sì rà nínú rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ó wá tún un ṣe fún mi. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí fún fáànù, bẹ́ẹ̀ náà ló rí fún áyọ́ọ̀nù. Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ ni pé ẹni tó bá ti pinnu kó tó béèrè, kó má yọ onímọ̀ràn lẹ́nu. Tó bá sì sọ onímọ̀ràn di olè, yóò máa dá ra nǹkan títí ayé. Mo máa ń rẹ́rìn-ín sí i báyìí, pàápàá tí nǹkan míì bá tún ti bàjẹ́ nínú ilé mi.